Ó Kú, àbí Ó Kù?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní yàrá ìwé ilé ìwòsàn náà béèrè ohun tí kò béèrè rí láyé.

Odindi ọdún mọ́kànlélógún ló ti wà lórí tábìlì yẹn, ìbéèrè mẹ́ta péré ló sì mọ̀. Ta ni? Ibùsùn wo? Kí ló dé? Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ yóò tẹ orúkọ aláìsàn, yóò tẹ nọ́ńbà ibùsùn rẹ̀, yóò sì dáhùn ìbéèrè kẹta ní ṣókí: ó wọlé, ó ń lọ ilé, tàbí ó kú. Bó bá ti dáhùn tán, ẹ̀rọ á dún kín-ín, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé á pa rẹ́ lójú dúdú rẹ̀, á wá ku Ta ni? nìkan. Kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀ mèremère, kò tilẹ̀ mọ ẹ kú àárọ̀. Àlejò tó bá yọjú sí yàrá náà máa ń rò pé ó ti bàjẹ́, pé wọn ò kàn tíì rí ẹni gbé e sọ nù ni.

Obìnrin tó ń lò ó ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àmì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún máa ń dùn ún, bíírò pupa kì í sì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Ìwé yòówù tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn náà láìfi àmì sí i, kì í pẹ́ tí yóò fi kan ọwọ́ Ìyá Àmì. Àní ìkìlọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, ó ti tún un kọ. Nígbà kan, nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń tọrọ ìsinmi pé, "Mo fe lo ba oko mi." Ìyá Àmì mú ìwé náà lọ bá a níwájú gbogbo èèyàn.

"Nọ́ọ̀sì mi, ọkọ lẹ fẹ́ lọ bá ni, àbí ọkọ̀, àbí oko?"

"Èyí tí mo bá kọ́kọ́ rí nínú wọn, Mà."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Àmì gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ náà nìyí. Obìnrin kan tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà Ìṣirò, ló kọ ètò tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà ò lè fi àmì sórí lẹ́tà. Wọ́n ní kí Tíṣà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ń kà á á mọ ohun tó ń sọ. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀. Ó wá igi wẹ́rẹ́ méjì lórí kíbọ́ọ̀dù, ó fi èyí tó ń gòkè ṣe ohùn òkè, ó fi èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ kú lo fẹ́ kọ, KU/ ni wàá tẹ̀. Bó bá jẹ́ kù ni, KU\ ni. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àfi bíi pé adìyẹ ló fẹsẹ̀ ha á, ṣùgbọ́n Ìyá Àmì ń kà á geere bí ìgbà téèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, bàbá kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ àjàgbé jáde láyé ní ìdájí, lórí ibùsùn kẹsàn-án. Ìyá Àmì tẹ orúkọ rẹ̀. Ó tẹ ibùsùn. Ó tẹ KU/. Ẹ̀rọ náà ò dún. Ojú rẹ̀ dúdú fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ronú kó tó sọ̀rọ̀.

O/ KU/, A\BI/ O/ KU\?

Ó kú, àbí ó kù?

Ìyá Àmì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó wo igi tó tẹ̀, kò ṣì í. Ó tún un tẹ̀. Ìbéèrè yẹn náà tún jáde. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lórí tábìlì ò mì rárá, ó sì dà bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn òun tó ń retí èsì. Ó yíjú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

Ó gòkè lọ síbi ibùsùn kẹsàn-án. Bàbá ti kú lóòótọ́, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. "Láti aago mẹ́fà ni, Mà," ni nọ́ọ̀sì wí. Ìyá Àmì dúró síbẹ̀, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ń rò ó bọ̀. Ó kù. Kí ló kù? Ó bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ sì ba àpò ìwé kan. Lẹ́tà tí bàbá kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kà á nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, omijé lójú wọn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó mà dùn mọ́ mi pé gbogbo yín sáré wá. Ìgbà tí mo ní kẹ́ ẹ wá bá mi fọ ọkọ̀, mi ò rí ẹni tó sáré báyìí nínú yín." Àwọn tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú. Nígbà tí Ìyá Àmì padà dé ìdí ẹ̀rọ tó tẹ KU/, ẹ̀rọ dún kín-ín, ó gbà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ẹni tó bá sì sọ ọ́ síta pé kọ̀ǹpútà ń bi òun léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé. Èèyàn márùn-ún mìíràn kú lóṣù yẹn, ẹ̀rọ ò bi í ní nǹkan kan lórí wọn. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbà tí nǹkan òkú bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ ni ẹ̀rọ náà máa ń béèrè. Ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán.

Oṣù yẹn kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Áàpù dé. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlógójì kan ni, ó mọ́ tónítóní, ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sí apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ló pè é wá, pé kó wá fi áàpù tuntun rọ́pò ẹ̀rọ àtijọ́. Ká sọ òótọ́, áàpù náà lẹ́wà. Funfun ni, ó ní etí aláwọ̀ sánmà, téèyàn bá ṣí i, ojú kan á yọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní "E kaabo!" Dókítà kàn lè tẹ bọ́tìnì kan lórí fóònù nínú wọ́ọ̀dù, kí ìwé tó ń gba òkú wọlé sì jáde fúnra rẹ̀ ní mọ́ṣúárì, tòun ti àwòrán òdòdó lórí rẹ̀.

"Àmì ọ̀rọ̀ ńkọ́?" Ìyá Àmì béèrè.

"Kò nílò àmì, Mà. Ó gbọ́n. Ó ti mọ ohun tó wà lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ tán."

"Ọkọ mi tí mo bá gbé fún ọgbọ̀n ọdún ò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Áàpù tó dé lánàá ló mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀gbẹ́ni Áàpù rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn búburú, ohun tó bá ń dán ló kàn máa ń wù ú. Àmọ́ bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà sì ni nǹkan tí Ìyá Àmì ń jókòó tì lójoojúmọ́.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí áàpù fi han ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan fún àwọn bàbá inú wọ́ọ̀dù ní abẹ́rẹ́, ó wá kọ ọ́ sínú áàpù pé, "Gbogbo won ti gba abere, o ku baba bedi 7." Áàpù tó gbọ́n ka "o ku baba," ó sì ṣe ohun tó yẹ. Ìwé olódòdó jáde ní mọ́ṣúárì. Ọ̀gá Mọ́ṣúárì ti kẹ̀kẹ́ tó fi ń gbé òkú gòkè, ó bá òkú tó jókòó, tó ń fi tíì jẹ búrẹ́dì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bàbá náà kò bínú, pé ó kàn sọ fún Ọ̀gá Mọ́ṣúárì pé kó ní sùúrù kóun mu tíì tán.

Ọ̀gá àgbà wá pàṣẹ pé títí oṣù á fi parí, àwọn méjèèjì ni kó jọ máa ṣiṣẹ́. Ìwé méjì ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Ọ̀gá Mọ́ṣúárì kó tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀kan láti inú áàpù, ọ̀kan láti yàrá ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Áàpù tún bọ́tìnì ṣe, ó ní irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n sì mú ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pé ìgbà yẹn ni wọ́n máa yọ wáyà ẹ̀rọ àtijọ́.

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, orúkọ kan tí Ìyá Àmì mọ̀ dáadáa dé yàrá ìwé. Télọ̀ ni. Télọ̀ yìí ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn Ìyá Àmì lọ́jọ́ yẹn. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Aláwàdà èèyàn ni, bó bá ń wọn obìnrin, á ní téèpù òun ti gbó, pé òun ló ń purọ́, kì í ṣe ìdí wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù láago méjìlá. Ara rẹ̀ ti tutù kí wọ́n tó gbé e dé. Dókítà, tí kò tíì sùn láti àná, tẹ́ etí sí i láyà, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn, ẹ̀rọ náà fa ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Dókítà mí kanlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì.

Ìyá Àmì náà jókòó, omi ń jábọ́ lójú rẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù. Ó tẹ orúkọ. Ó tẹ ibùsùn kejì. Ó tẹ KU/.

O/ KU/, A\BI/ O/ KU\?

Fáànù ń yí, ìwé ò mì. Ìyá Àmì dìde, ó ní òun mọ ohun tó ń béèrè. Ó lọ bá ìyàwó Télọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá ìwé. Obìnrin náà gbé bàtà ọkọ rẹ̀ sórí itan bí ẹni gbé ọmọ, kò sunkún, ó kàn ń wo iwájú.

"Ìyàwó mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tí ẹ̀yin àti Télọ̀ fi sílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù?"

"Kò sí o, Mà. Bàtà rẹ̀ rèé. Téèpù rẹ̀ rèé. Gíláàsì rẹ̀, fóònù rẹ̀, òrùka ọwọ́ rẹ̀." Ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Òun nìkan ni kò sí."

Ìyá Àmì wo abẹ́ ibùsùn kejì, kò sí nǹkan. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sí nǹkan. Wọ́n ti gbé Télọ̀ kúrò níbẹ̀, Ọ̀gá Mọ́ṣúárì ti ń tì í lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, etí Ìyá Àmì sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ẹyọ kan tó ń han fíín, fíín, fíín. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ tún bi í. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀rọ ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Áàpù wọlé, ọ̀gá àgbà wà létí rẹ̀ lórí fóònù. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mà, wọ́n ní ẹ̀rọ yín ò fún wọn ní ìwé. Wọ́n ní ọ̀sán ti ń lọ, kò dáa kí òkú wà níta báyìí. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ nísinsìnyí, ká lo tèmi nìkan." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di wáyà mú lára ògiri. "Ẹ má bínú, Mà. Ó ti dàgbà ni. Ó ń ṣe ségesège."

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí wáyà yẹn ni wọ́n ti gbọ́ àtẹ́wọ́.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń wá, àtẹ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n ń hó yéè. Ìyá Àmì sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó yọjú síta. Fóònù Télọ̀ ni, lórí itan ìyàwó rẹ̀. Ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà kan ń jó lójú rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Áàpù oògùn ẹ̀ ni, Mà." Ìyàwó Télọ̀ ló ṣèèṣì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wá ń gbìyànjú láti pa á. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò. Ó máa ń rán an létí. Tó bá ti lò ó tán, tó tẹ ibí yìí, á pàtẹ́wọ́ fún un. Nǹkan ọ̀hún dùn mọ́ ọn bí ọmọ kékeré. Ó ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, òun ò rí ẹni pàtẹ́wọ́ fóun mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó lò ó lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Mà. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn…" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Mo gbọ́ ọ tó bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

Ìyá Àmì yíjú sí ojú dúdú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìbéèrè ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù, kò sì ní àmì ìbéèrè lẹ́yìn.

O/ KU\.

"Ó kù," ni Ìyá Àmì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló figbe ta. "Ó kù! Kì í ṣe nǹkan Télọ̀ ló kù. Télọ̀ fúnra ẹ̀ ló kù!"

Bó ṣe sáré nìyẹn, tòun ti orúnkún. Ọ̀gbẹ́ni Áàpù ń wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí wáyà, ó fi wáyà sílẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan iná, ó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá àwọn tó ń gba káàdì, wọ́n sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, bíírò pupa jábọ́ lẹ́yìn etí Ìyá Àmì, kò wẹ̀yìn wò ó. Àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀, kí ilẹ̀kùn tútù yẹn má tíì ṣí.

Kò tíì ṣí. Ọ̀gá Mọ́ṣúárì jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé olódòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn tí kì í yẹ òfin ni.

"Ìyá Àmì, ìwé yín dà? Ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá sì ní méjì. Láti ọjọ́ tí òkú ti ní kí n dúró kóun mu tíì, mo ti kọ́gbọ́n."

Ìyá Àmì lọ tààrà sídìí kẹ̀kẹ́. Ó ká aṣọ kúrò lójú Télọ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó bọ́ gíláàsì ara rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ tí Télọ̀ rán, ó gbé e sí abẹ́ imú Télọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ gíláàsì. Kò sí nǹkan. Omi kan ń kán níbì kan, tó, tó. Kò sí nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni Áàpù ti fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká pé kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ojú gíláàsì ṣú.

Kò ṣú ju ibi tí èékánná lè bò lọ, ó sì tètè mọ́ padà. Wọ́n dúró. Ó tún ṣú.

Ariwo tí Ìyá Àmì pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Áàpù ló ti kẹ̀kẹ́ náà padà gòkè, tó ń sáré, tó ń ké pe dókítà, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já jáde nínú ṣòkòtò. Dókítà gún Télọ̀ lábẹ́rẹ́, wọ́n kó aṣọ gbígbóná bò ó, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ń fọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó lò lẹ́ẹ̀marùn-ún nítorí àtẹ́wọ́ ló ti mú ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé ó ń lù lẹ́ẹ̀kan, á tún dákẹ́ títí kó tó lù lẹ́ẹ̀kejì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni dókítà àti ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn bá pàdé. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, Télọ̀ la ojú. Ó wo òrùlé. Ó wo aṣọ ilé ìwòsàn tí wọ́n wọ̀ fún un. Ó fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú, ó yẹ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò.

"Ta ló rán nǹkan yìí?" ohùn rẹ̀ ò ju afẹ́fẹ́ lọ. "Ẹ lọ mú un wá."

Ìyàwó rẹ̀ gbé bàtà tó ti ń dì mọ́ra láti ọ̀sán, ó fi lù ú lápá lẹ́ẹ̀kan, ó wá dojú bo àyà rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹkún ayọ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń sun. Dókítà ń sunkún, bàbá ibùsùn keje ń pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì kan gbé ìyàwó Télọ̀ sókè yí po. Àní Ọ̀gá Mọ́ṣúárì, tó tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gòkè, fa ìwé olódòdó yẹn ya sí wẹ́wẹ́, ó da á sókè bí ẹni tó wà níbi ìgbéyàwó. Ọ̀gá àgbà wá, ó wò wọ́n, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà ẹ̀rọ àtijọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láyé.

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Ìyá Àmì lè jókòó. Ó padà sí yàrá ìwé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pe Tíṣà Ìṣirò lórí fóònù. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Tíṣà báyìí, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá Àmì ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa imú.

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun fún ìbéèrè kẹrin yẹn. Òun ló gbà á là."

"Ìbéèrè kẹrin wo?"

"Ó kú, àbí ó kù, Mà."

Ìyá Àmì gbọ́ tí Tíṣà fa àga kan, tó jókòó.

"Ọmọ mi, ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ."

"Bóyá ẹ ti gbàgbé ni, Mà. Ó ti pẹ́."

"Mo lè gbàgbé orúkọ ara mi. Ìlà mẹ́rìndínlógóje ló wà nínú ètò yẹn, mo sì lè kà á fún ẹ látòkè délẹ̀. Mi ò kọ ìyẹn síbẹ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bí mi, mi ò ké. Wọ́n ti fi aṣọ wé mi látorí délẹ̀, wọ́n ti gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ni agbẹ̀bí àgbà kan bá wọlé wá mú gèlè tó gbàgbé. Ó rí mi, ó dúró. Ó ní, 'Ó kú, àbí ó kù?' Wọ́n ní ó kú. Ó ní kí wọ́n tún un wò. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi yarí pé kú àti kù ò gbọdọ̀ jọra nínú iṣẹ́ mi. Àmọ́ mi ò sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Ìyá Àmì rọra jókòó.

"Agbẹ̀bí náà ńkọ́, Mà?"

"Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti kú. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí." Tíṣà mí kanlẹ̀. "Ilé ìwòsàn yẹn náà ni. Kí wọ́n tó kó ìwé síbẹ̀, yàrá tó o jókòó sí yẹn ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí."

Nígbà tí Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀, Ìyá Àmì wo yàrá náà yí ká, ògiri, fèrèsé, àwọn fáìlì. Irun ọwọ́ rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló bà á. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ohun tó lè fi ṣe. Ó dìde, ó kó àwọn fáìlì kúrò lórí àga kan tó wà ní kọ̀rọ̀, ó nu eruku rẹ̀ mọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Áàpù fi kanlẹ̀kùn wọlé, ó mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì dání, ó ní òun fẹ́ kí Ìyá Àmì kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń tẹ igi yẹn, èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó rí àga, ó fẹ́ jókòó.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀."

"Ṣé ẹnì kan ń bọ̀ ni, Mà?"

"Ó ti jókòó."

Ọ̀gbẹ́ni Áàpù wo àga náà. Ó wo ojú Ìyá Àmì bóyá ó ń ṣàwàdà, kò rí àwàdà níbẹ̀. Fáànù ń yí lókè, ìwé orí tábìlì ò mì. Ó fi ọwọ́ kan ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ṣí ìgò tirẹ̀, ó gbé e síwájú àga náà.